Àmì Pupa Lórí Kafr Tibna

Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí Rawya kà ní kọ̀rọ̀ nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, pupa ni àwọ̀ ìfẹ́. Òdòdó tí ọkùnrin ń fún obìnrin, pupa ni. Ètè ọmọge tí wọ́n yà sẹ́yìn ìwé, pupa fòò. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà tó sọ fún un pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun á jókòó sídìí kọ̀mpútà ní Káírò, tí òun á rí àwọ̀ pupa yẹn gẹ́lẹ́ lórí abúlé ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, tí àyà òun á sì já.

Iṣẹ́ Rawya ṣòroó ṣàlàyé fáwọn ará ilé. Sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń gba orí ilẹ̀ Íjíbítì kọjá lójoojúmọ́ ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Kì í ya fọ́tò èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni ilé kankan ò jọ ọ́ lójú. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kan ilẹ̀ tó tún ń padà sókè ló máa ń yẹ̀ wò, á wo ohun tó dín nínú rẹ̀, bí ìyàwó ilé tó mọ iye ẹran tó fi sílẹ̀ nínú ìkòkò. Olè tó ń jí ìmọ́lẹ̀ yẹn jẹ ni gáàsì tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónósáìdì. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í tani lójú. Ó kàn ń pani ni. Adákẹ́ṣọṣẹ́ ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì wọn. Ibi tí Adákẹ́ṣọṣẹ́ bá pọ̀ sí, máàpù Rawya á pọ́n níbẹ̀. Ibi tí kò bá sí, á funfun.

Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì tán, tí gbogbo ẹnu Káírò wá ń korò bí ẹnu ẹni tó lá eérú, ọ́fíìsì náà máa ń kọ orúkọ ibi mẹ́wàá tó pọ́n jù sínú ìwé. Ibi tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú ìwé yẹn, ìjọba á lọ pa iná ibẹ̀. Rawya ló ń ya máàpù, Rawya ló sì ń fọwọ́ sí i.

Tíṣà jọ́gíráfì ni Wagdi. Ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá wo ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ kan, nígbà táwọn ọmọ sì béèrè ìbéèrè tiwọn tán, òun náà na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀ńjìníà, ṣé ohun tó wà lókè yìí lè rí ẹni tí ìfẹ́ ń pa?" Rawya fèsì pé tí ẹni náà bá ń yọ gáàsì, á rí i. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Wagdi nìkan ló padà wá, ó ní òun gbàgbé bírò. Bírò kan ṣoṣo yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbàgbé ẹ̀ kí Rawya tó gbà láti bá a jáde.

Ó sọ pé ọsàn ni bàbá òun ń gbìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dórí kí àwọn ẹbí pàdé láti ka Fátíhà, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé wọ́n ti fún ara wọn, ìgbà yẹn ni Wagdi ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ abúlé rẹ̀. Kafr Tibna. Rawya kò béèrè ibi tó wà. Ó ti mọ orúkọ yẹn fún ọdún mẹ́ta. Orí máàpù ló ti mọ̀ ọ́n.

Ilé oúnjẹ kóṣárì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kù ni wọ́n máa kó jọ sórí máàpù tí wọ́n fi ń kọ orúkọ. Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni Fátíhà, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìwé orúkọ.

"Tíṣà, bàbá yín ń sun èédú, àbí wọn kì í sun ún?"

Wagdi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọsàn là ń gbìn."

"Ọsàn tó ń jó fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀, ó wá jẹ́wọ́. Ó ní igi ọsàn tó ti gbó, igi máńgòrò tí kò so mọ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń kó jọ ní òkìtì, tí wọ́n ń fi koríko ìrẹsì àti amọ̀ bò, tí wọ́n sì ń dáná sí nínú. Òkìtì bàbá òun tó mọ́kànlá. Ti gbogbo abúlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún. Ó fi kún un, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, pé kò sí ẹran sísun tàbí ìkòkò tábà ṣíṣà kan láti Zagazig títí dé Alẹkisáńdíríà tí kì í ṣe èédú wọn ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Rawya mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ sọ kò yẹ kó jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba. Nínú ìwé ìfẹ́, obìnrin a máa ta wúrà ìyá rẹ̀ nítorí ọkùnrin. Rawya kò ní wúrà. Aago kan ààbọ̀ ló ní, òun náà ló tà.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi fún ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ló máa ń kọjá. Ṣùgbọ́n gáàsì ló ń wò o, Wagdi. Gáàsì."

"Mo ti gbọ́. Aago kan ààbọ̀."

Ó sì tẹjú mọ́ ojú Rawya bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Ẹni tí ìfẹ́ bá dí létí, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń wọlé sí i lára.

Ní Kafr Tibna, nígbà tí Wagdi jíṣẹ́ náà délé, Alaaji Shawadfi, bàbá rẹ̀, kó àwọn asunèédú jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé kò sí ẹni tó lè sinmi. Òkìtì èédú dà bí aboyún tó ń rọbí: tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè ní kó di ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni Alaaji ti ń gba olùbẹ̀wò lálejò, kò sì tíì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe èéfín ló bá wá. Ti òkè náà ò lè yàtọ̀. Wọ́n wá fẹnu kò pé láti aago méjìlá títí di aago méjì, kí oníkálùkù fi koríko tútù àti amọ̀ di gbogbo ihò ara òkìtì rẹ̀ pa, kí èéfín tó tín-ín-rín bí òwú má ṣe yọ jáde. Kí òkè wá wò ó.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sì rí i pé ojú sánmà mọ́ lọ́sàn-án bí ọjọ́ ọdún, ọkàn wọn balẹ̀. Ẹni tó ní òkìtì méjì tẹ́lẹ̀ dá ẹ̀kẹta. Alaaji fi mẹ́rin kún mọ́kànlá tirẹ̀, nítorí ìyàwó ń bọ̀ wálé.

Lójoojúmọ́, ní aago méjì ọ̀sán, Wagdi máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Rawya lórí fóònù. "Kò séèfín rárá. Ojú ọ̀run mọ́ bí ojú ẹ." Rawya á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, á gbé fóònù sáyà. Ó gbà pé abúlé odindi ti paná nítorí òun. Bẹ́ẹ̀, ọba kan nínú gbogbo ìwé tó kà rí ò ṣe irú ẹ̀ fún obìnrin.

Ní ọjọ́rú tó ṣáájú Fátíhà, ó kó ọjọ́ méjìlá jọ sórí máàpù kan. Kafr Tibna pọ́n. Kò pọ́n bí ti èṣí, kò pọ́n bí ti ọdún kankan. Ó pọ́n débi pé ó ti ń ṣú. Rawya pa kọ̀mpútà, ó tún un tàn. Ó pọ́n síbẹ̀. Ó pe Wagdi. Wagdi fi orí ìyá rẹ̀ búra pé kò séèfín. Rawya ní kì í ṣe èéfín lòun ń bi í, ṣé wọ́n sinmi iná?

"Rawya," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?"

Nínú ìwé ìfẹ́, ìbéèrè yẹn ló máa ń parí gbogbo ìbéèrè. Rawya náà gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀gá Fikri, olórí ọ́fíìsì wọn, kò gba máàpù náà gbọ́. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan rí bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá ni. Ó rán ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta lọ sí Kafr Tibna ní Ọjọ́bọ̀, ó sì pàṣẹ fún wọn pé aago kan ààbọ̀ géérégé ni kí wọ́n dé ibẹ̀, kí ojú èèyàn àti ojú sátẹ́láìtì lè wo nǹkan kan náà lásìkò kan náà. Ìgbìmọ̀ débẹ̀ lásìkò. Wọn kò rí èéfín. Wọ́n rí fitíírì tí wọ́n fi bọ́tà yan, ìpele lórí ìpele, àti oyin, àti wàràkàṣì. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n padà pẹ̀lú ìwé pé ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀kan nínú wọn ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, ó ní oòrùn ọ̀nà ni.

"Àwọn àgbà ti sọ ọ́, bí iná ò bá sí, èéfín kì í rú," Ọ̀gá Fikri sọ. "Kò séèfín, kò síná. Ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Yọ àmì yẹn kúrò kó o tó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Àìkú."

Ohun tí Rawya ń fẹ́ gan-an ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yìí, tí kò tilẹ̀ ní í parọ́. Kó kàn tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, àṣẹ ọ̀gá ni. Ó gbé ìka lé e, ó gbé e kúrò. Olólùfẹ́ rẹ̀ ní kò síná, ìgbìmọ̀ ní kò síná. Ẹ̀rọ nìkan ló ní iná wà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹ̀rọ nìkan ni kò ní àfẹ́sọ́nà, òun nìkan ni kò sì jẹ fitíírì. Ó fi àmì náà sílẹ̀ di ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ Ihsan, pẹ̀lú Rifaat àbúrò ìyá rẹ̀ tó dúró nípò bàbá rẹ̀ tó ti kú, wọkọ̀ lọ sí Kafr Tibna. Ìrun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí wọ́n dé. Ojú sánmà mọ́ lóòótọ́. Àwọn òkìtì náà tò sẹ́yìn ilé bí ẹfọ̀n tó sùn, amọ̀ tútù ń dán lára wọn. Rawya rò pé iná inú wọn ti kú. Inú rẹ̀ dùn sí olólùfẹ́ rẹ̀, ojú sì tì í pé òun tún fi fóònù pè é wádìí.

Ìyá Wagdi ti fèrèsé pa nítorí kí eérú má ba ìrọ̀rí tuntun jẹ́. Wọ́n jẹ pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n mu tíì. Alaaji ń fi Rawya ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀ńjìníà, wọ́n ní òkè lò ń wò. Àbí òkè ló ń bá ẹ wo ilẹ̀?"

"Òkè ló ń wolẹ̀, Bàbá. Èmi kàn ń gbọ́ àbọ̀ ni."

"Amẹ́bọ ni ẹ́ nígbà yẹn," Alaaji sọ, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

Ihsan kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ ra iwájú orí. Ìyá Wagdi rí i, ó ní kó má dà á láàmú, pé gbogbo ilé yìí náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n, orí á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, òòyì á máa kọ́ni. Ojú ìlara ni. Àwọn aládùúgbò ti gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ gbé ẹ̀ńjìníà níyàwó láti Káírò, ojú wọn ò gbà á.

"Kò mọ lórí èèyàn nìkan o. Adìẹ mi mẹ́fà ló kú láìṣàìsàn. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ogbe orí wọn, ó pọ́n ju ti ìgbà tí wọ́n wà láàyè."

Ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò tùràrí wá, ẹ̀yinná èédú ń jó wòwò nínú rẹ̀, èédú ilé fúnra wọn. Ó ti fèrèsé kan tó ṣẹ́ kù, kí èéfín mímọ́ má bàa sá lọ. Ní aago kan ààbọ̀ kọjá díẹ̀, Rifaat àti Alaaji di ọwọ́ ara wọn mú, gbogbo èèyàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Fátíhà.

Rawya tẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà á. Adìẹ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọ̀sán. Ogbe tó pọ́n lẹ́yìn ikú, bí ẹ̀jẹ̀ ohun tí Adákẹ́ṣọṣẹ́ bá pa ṣe máa ń pọ́n. Ó wo Wagdi tó ń ka Fátíhà pẹ̀lú ojú tó ń rẹ̀ wálẹ̀, ó sì rántí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́: kò séèfín. Kò fìgbà kan sọ pé kò síná. Rifaat yán láàárín ẹsẹ kẹta. Ní ẹsẹ kẹrin, ọwọ́ Ihsan já bọ́ sórí itan, orí rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Àwọn obìnrin ké. Ìyá Wagdi ní, "Ṣé ẹ rí i? Ojú ni. Ẹ fi tùràrí kún un."

"Ẹ ṣí fèrèsé," Rawya sọ. Kò sẹ́ni tó mira. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ di ìkòkò tùràrí mú, ó gbé e, ó sọ ọ́ sí àgbàlá, lójú àna rẹ̀, lójú gbogbo ẹbí. Ó padà wọlé, ó ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, ó gbá ìyá rẹ̀ mú lábẹ́ apá. Ìgbà náà ni Wagdi fò dìde tó di apá kejì mú. Abẹ́ igi máńgòrò níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ wá ni wọ́n gbé e lọ. Gbogbo ilé tú jáde tẹ̀ lé wọn, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń mí.

Nígbà tí ojú Ihsan là, Alaaji bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ yìí, tùràrí ilé mi lo dà nù yẹn?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ sinmi iná ni, àbí ẹ bò ó?"

"A bò ó ni. Ta ló lè ní kí òkìtì tó ti ń jó sinmi? Ọmọ mi ní aago kan ààbọ̀ ni ohun òkè ń kọjá. Láti aago méjìlá la ti ń dí i pa. Ohun tágbára wa ká la ṣe."

Ihsan sọ̀rọ̀ lórí ẹní láìgbórí. "Ta ló sọ aago ìjọba fún wọn?"

"Èmi ni, Mọ́mì."

Rawya wá là á yé wọn pé èéfín kọ́ ni òkè ń wò. Igi tí wọ́n bá dí nímú kì í jó dáadáa, ńṣe ló ń kẹ́dùn sínú, ìkẹ́dùn yẹn ló sì ń bí Adákẹ́ṣọṣẹ́, tó ń gba inú amọ̀ jáde láìjẹ́ kójú rí i. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n ti fi ń bo ohun tí kò sẹ́ni tó ń wá, tí wọ́n sì ń sọ èyí tí wọ́n ń wá di ńlá. Òun ló pa adìẹ. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí kò pa èèyàn.

"Ó sọ gáàsì," Wagdi sọ, ó dojú kọ bàbá rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Èéfín lèmi gbọ́. Nílé tí wọ́n ti bí mi, iná ò ní ọmọ méjì, èéfín nìkan ló bí."

Alaaji pàṣẹ kí wọ́n ṣí ihò. Kò pẹ́ tí èéfín fi yọ lára àwọn òkìtì, ó ki, ó dúdú, ó gòkè lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Rawya rí èéfín, inú rẹ̀ dùn.

Alaaji gbójú sókè. "Ohun òkè yìí, ṣé èmi nìkan ló ń rí, àbí ó ń rí Bàbá Ismail, asunèédú tá a jọ ń díje ní òdìkejì odò náà?"

"Àmì kan fẹ̀ tó kìlómítà méje, Bàbá. Gbogbo yín lẹ wà nínú ẹ̀."

"Èmi àti Bàbá Ismail? Nínú àmì kan ṣoṣo?"

"Ẹ̀yin àti Bàbá Ismail."

Alaaji pòṣé. Ogójì ọdún nídìí iná, wọn ò lè fún un ní àmì tirẹ̀. Ó jọ pé ìyẹn dùn ún ju adìẹ lọ. Ó wá béèrè ohun tí Rawya máa ṣe lọ́jọ́ Àìkú.

"Màá fọwọ́ sí i, Bàbá."

"Ó dáa. Fátíhà tí a ò kà dé àmín, a ò kà á nìyẹn. Ẹ máa lọ sílé."

Nínú ìwé ìfẹ́, ọkùnrin a máa sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Rawya bojú wẹ̀yìn. Wagdi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àgbàlá, ó ń ṣa ẹ̀yinná tùràrí kó má bàa ran koríko.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kafr Tibna ni orúkọ kìíní nínú ìwé. Ọ̀gá Fikri rán an létí pé ìgbìmọ̀ ò rí èéfín. Rawya sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn níbẹ̀ fún un, ó sọ bí òun ṣe tú àṣírí aago náà síta, ó ní kó fìyà jẹ òun tó bá wù ú. Ọ̀gá Fikri wò ó tìyanu-tìyanu. Ẹni tó fún ọ̀tá láago tó tún wá mú ọ̀tá, kò sí ìyà rẹ̀ nínú ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i lábẹ́ ti Rawya. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́ pé ọkùnrin kan já Rawya sílẹ̀, òun náà sì fi sátẹ́láìtì gbẹ̀san. Kò sẹ́ni tí kò gbóríyìn fún un. Àwọn obìnrin tó ń se tíì ní òun gan-an lobìnrin.

Ó sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìwẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má bàa gbọ́. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn èyí, wọ́n kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Alaaji Shawadfi ló wọlé, ó wọ gàlàbíyà, aṣọ gígùn tó fi ń kírun ọdún. Wagdi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fitíírì nínú àwo, kò mọ ibi tí òun á gbé ojú sí.

"Jẹ́ kí n rí ara mi," Alaaji sọ.

Rawya tan máàpù. Kafr Tibna ti ṣí, ó funfun bí omi wàrà. Alaaji mirí. Ó ní orí Ìyá Wagdi ti sàn, ó ti ra adìẹ tuntun, ó sì ti ń ṣépè fún ẹni tó bá tún dáná lẹ́yìn ilé òun. Obìnrin yẹn ló ní òun ò ní í fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ títí wọ́n á fi ka Fátíhà náà dé àmín. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló fẹ́.

Ọkàn Rawya fò sókè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òṣìṣẹ́ kì í sinmi, ó ti sún máàpù díẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ní etí aṣálẹ̀, níbi tí kò ti sí nǹkankan rí, àmì tuntun kan jókòó, ó pọ́n wẹ́ẹ́.

"Kí lèyí, Bàbá?"

"Ìwọ lo sọ pé kìlómítà méje ni," Alaaji dáhùn láìtijú. "Mo wọn mẹ́jọ."

"Kì í ṣe èmi ló sọ fún wọn lọ́tẹ̀ yìí o," Wagdi yára sọ.

"Ta ló ń gbébẹ̀, Bàbá?"

"Iyanrìn. Àti àna mi kan tó ń ṣọ́ iná. Bàbá Ismail ò sí níbẹ̀. Èmi nìkan ni." Ó na ìka sí àmì náà, ó wò ó bí ẹni tó ń wo fọ́tò ọmọ rẹ̀. "Tèmi nìyẹn."

"Àna yín náà lórí tó lè fọ́. Ìwé orúkọ àfikún á jáde ní Ọjọ́bọ̀."

"Fátíhà di Jímọ̀. Fọwọ́ sí i lẹ́yìn ẹ̀."

Rawya wo fitíírì, ó wo Wagdi. Gbogbo ìwé tó ti kà rí ń pariwo sí i létí pé kó dákẹ́.

"Ọjọ́bọ̀ ni màá fọwọ́ sí i, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ kí a wá ní Jímọ̀, a máa wá. Ṣùgbọ́n kí fèrèsé wà ní ṣíṣí."

Wagdi ló mira. Ó gbé àwo fitíírì sórí tábìlì, ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ bírò kan, bírò tó gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹrin yẹn, ó sì fi í síwájú Rawya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó máa fọwọ́ sí.

Bàbá rẹ̀ wo bírò, ó wo àmì pupa tirẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọbìnrin yìí á tú ilé mi," ó ní. "Ó dáa, Wagdi. Jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Òrùlé ló ti ń gbà wọlé láti ọjọ́ yìí."